Orí Kẹta: Ìwọ̀n Ilé Màmá Àṣàkẹ́

Bí Ìbídùn ṣe kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kẹtàdínlógún, Lámèyítọ́, ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀, dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, ó tan iná pupa, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Olùwọ̀n, ṣé ẹ ṣubú ni?"

"N ò ṣubú," Ìbídùn dáhùn lábẹ́lẹ̀. "Mò ń kí ènìyàn ni."

"Kò sí ìkúnlẹ̀ nínú ìkíni ìlú yìí. Ṣé kí n pe dókítà?"

"Pa ẹnu dé, kí o wọlé."

Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn á tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó kéré lára, ó wé gèlè funfun, ó sì wọ bùbá búlúù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tí ojú ìlọ̀ ṣì hàn lápá rẹ̀ méjèèjì. Ó na ọwọ́ sí Ìbídùn bí ẹni tó ti jókòó ti ilẹ̀kùn láti àárọ̀.

"Dìde, ọmọ mi, dìde. Ilẹ̀ Táḿpẹ́rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí lóṣù kẹwàá. Ìwọ ni Láníhùn tí wọ́n kọ sínú ìwé?"

"Èmi ni, mà. Ìbídùn Láníhùn."

"Láníhùn ti Ìsẹ́yìn?"

"Ará Ìsẹ́yìn ni bàbá mi, mà. Lísíbọ̀n ni wọ́n bí èmi sí."

"Ibi tí wọ́n bíni sí kọ́ là ń wí." Ayọ̀ ti gba gbogbo ojú màmá náà. "Èmi Àṣàkẹ́ Moróhùndíyà, Ìsẹ́yìn ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Wọlé, jàre. Wọlé, kí o wá rí ibi tí ìyá rẹ ń gbé."

Ohun tí òfin kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló ń fúnra wọn wọn ìṣẹ́ tó wà nílé wọn, kò sì sí èyí tí kò purọ́. Eléyìí á ní tálákà òun kò pọ̀, kí ojú má baà ti òun láàárín ẹgbẹ́. Tọ̀hún á ní tòun pọ̀ rẹpẹtẹ, kí wọ́n lè ṣàánú òun. Ẹni tó ń wọn ara rẹ̀ kò kúkú ní kúrú láéláé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú gbogbo wọn, wọ́n fẹnu kò sí Ìwọ̀n Kan: ohun méjìlá tó yẹ kó wà nílé ẹ̀dá, ẹ̀rọ kan náà, ìbéèrè kan náà, kí orílẹ̀-èdè kankan má sì wọn ara rẹ̀ mọ́. Lọ́dún yìí, Pọtogí ló ń wọn Fínláńdì, níbi tí Táḿpẹ́rẹ̀ wà, Fínláńdì ń wọn Gíríìsì, Gíríìsì lọ ń wọn ibòmíràn. Kí olùwọ̀n àti onílé má baà mọ ara wọn ni. Òfin mọ Pọtogí, ó mọ Fínláńdì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Ìsẹ́yìn.

Ìbídùn alára kò rò pé ó já mọ́ nǹkankan. Ó ti wọn ilé tó lé ní irínwó, kò ṣàṣìṣe rí. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n fún un ní báàjì títí láé, èyí tó máa jẹ́ kó lè fi iṣẹ́ náà dàgbà, kó má máa gbé àpótí káàkiri bí àlejò mọ́. Ó wọlé, ó sì jẹ́ kí Lámèyítọ́ ṣáájú.

Àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Lísíbọ̀n ló sọ ẹ̀rọ náà ní Lámèyítọ́. Kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Ó ní táyà mẹ́rin, ojú kan, àti imú tó dà bí asẹ́, kò sì sí èdè tí kò gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìwé ara ìgò òògùn. Ó yí yàrá àlejò po lẹ́ẹ̀kan, ó kéde.

"Ooru: ìwọ̀n mọ́kànlélógún. Ó tó."

Ìbídùn wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni ilé kẹtàdínlógún ti fi wà lábẹ́ ìlà. Ilé tí ohun márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọ́n níbẹ̀ nínú méjìlá ló ń wà lábẹ́ ìlà, ìlú á sì máa gbé ooru wá sí i láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí yìnyín á fi tán nílẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wọn ilé; ará Fáránsé kan ló wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, ohun méje ló sì wọ́n nígbà náà. Ilé tó tutù bí inú kànga ló kọ sílẹ̀. Báwo wá ni inú ilé ṣe gbóná báyìí, nígbà tí ooru ìlú kò tíì bẹ̀rẹ̀? Ìgbà náà ló rí ẹ̀rọ amúlégbóná kan lẹ́yìn àga, ó tóbi, ó ń dán, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́.

"Àga tí kò fọ́: ó wà," ni Lámèyítọ́ wí. "Bàtà méjì tó lágbára: ó wà."

Bàtà méjì wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Ìkan kéré. Ìkejì, alágbẹ̀dẹ ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Ìbídùn wo ẹsẹ̀ màmá nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò tóbi ju ti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì gbé ojú kúrò.

"Ṣé onílé ń rí ẹran tàbí ẹja jẹ ní ọjọ́ méjì méjì?"

"Ẹran?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹran ti sú mi."

Ẹ̀rọ náà gbé imú rẹ̀ sọ́nà ilé ìdáná, níbi tí ìkòkò kan ti ń ta sánsán. "Ẹran: ó wà. Ṣé onílé lọ sinmi kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ibo lẹ lọ, mà?" Ìbídùn béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò sí nínú ìbéèrè.

"Etí odò."

"Odò wo, mà?"

"Ọmọ yìí! Ṣé odò wọ́n nílùú yìí ni?"

Lámèyítọ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú kò bá lè rí, ẹnu onílé ló ń gbà gbọ́. Ó yí táyà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ láti wo ibùsùn, màmá sì sáré wọ ilé ìdáná. Ìgbà tó jáde, ó gbé àwo ìrẹsì kan dání, ọbẹ̀ pupa lórí rẹ̀, ẹran ńláńlá méjì lórí ọbẹ̀. Àwo kan ṣoṣo.

"Ó yá, fọwọ́ kí o jẹun."

"Ẹ ṣé, mà. Òfin ò gbà mí láyè."

"Òfin wo ló ní kí ọmọ má jẹun nílé ìyá rẹ̀?"

Ohùn Lámèyítọ́ ti yàrá wá. "Olùwọ̀n, mo rán yín létí òfin kẹsàn-án. Olùwọ̀n tó bá fi ẹnu kan oúnjẹ ilé ti di ará ilé. Ìwọ̀n rẹ̀ á di òfo, báàjì rẹ̀ á sì di gbígbà lọ́jọ́ náà."

"O gbọ́ ọ, mà," ni Ìbídùn wí, ó sì ṣe tán láti bú ara rẹ̀, torí ìdààmú ti mú un fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ ọ, mà. Ẹ má bínú. Tiyín ńkọ́?"

"Mo ti jẹ tèmi."

Irọ́ ni, Ìbídùn sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá tó bí i lọ́mọ máa ń sọ gbólóhùn yẹn gan-an ní Lísíbọ̀n, nígbà tí oúnjẹ kò bá ká ilé. Ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Obìnrin òyìnbó kan dúró síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà onírun, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá. Ráúnì lorúkọ rẹ̀, ó wà lára ilẹ̀kùn. Ìbídùn gbọ́ èdè wọn níwọ̀nba.

"Ṣé ẹ ti ń parí?" ni Ráúnì béèrè. "N kò fẹ́ kánjú yín o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlégbóná mi ló wà níbẹ̀ yẹn, òtútù sì ti ń mú mi."

"Bàtà ńlá yẹn náà ńkọ́?"

"Ti ọkọ mi tó kú ni. Àga náà, tèmi ni. Ẹran, inú ẹ̀rọ amúǹkantutù mi ló ti wá." Ó mi orí. "Ó ní ọmọ ìlú òun kan ń bọ̀, kò gbọdọ̀ bá òun bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ẹni tó ń wọn ìṣẹ́ ló ń bọ̀ ni? Ó ní òun ni, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ogún ọdún la ti ń ṣe aládùúgbò, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Ìbídùn gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó pe ọ̀gá rẹ̀, Tẹrẹ́sà, ní Lísíbọ̀n.

"Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹrù àyálò ló wà nílé kan ńkọ́?"

"Ìtànjẹ ìwọ̀n nìyẹn," Tẹrẹ́sà dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Wọ́n á yọ ilé náà kúrò nínú ìwé fún ọdún mẹ́fà. Kò ní ooru, kò ní ohunkóhun."

"Ṣebí àwọn tó ń kó ẹrù wọn pamọ́ sílé ẹlòmíràn lẹ ṣe òfin yẹn fún. Èyí kó ti ẹlòmíràn wọlé ni."

"Kí ló máa mú ènìyàn yá nǹkan, kó lè fi díbọ́n pé òun ní, lójú ẹni tó wá wò ó bóyá kò ní?"

"Nítorí pé èmi ni mo wá."

Tẹrẹ́sà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Ìbídùn, kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí onílé bá sọ fún ẹ̀rọ pé yíyá ni, kí ìwọ̀n tó parí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kó sáà ti sọ pé 'n kò ní'. Ó parí."

Ọ̀rọ̀ kékeré. Ìbídùn padà wọlé. Màmá jókòó ti àwo oúnjẹ, ó fi ọmọrí bò ó kó má baà tutù. Ìbídùn lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Màmá, mo rí Ráúnì níta."

Màmá kò wò ó. "Ráúnì fẹ́ràn ọ̀rọ̀."

"Bí ẹ̀rọ yìí bá parí pẹ̀lú gbogbo ohun tó rí nílé yìí, wọn kò ní gbé ooru wá fún yín mọ́, fún odidi ọdún mẹ́ta. Ẹ sáà sọ fún un pé ẹ kò ní. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò ní jiyàn, kò ní rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ yín."

"Ta ni kò ní?"

"Màmá."

"Mo ní, ta ni kò ní?" Ohùn rẹ̀ le. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kúrò ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n sìn mí dé ibi ọkọ̀, gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bi mí ní nǹkan kí n má sọ pé ó wà. Nígbà tí ìyá mi kú, mo ní kí wọ́n máa sin ín lọ, mo ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè. Iṣẹ́ wo? N kò rí ohun tí mo lè fi wọ ọkọ̀ ni. Ṣé o gbọ́? Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Omi ti dé ojú Ìbídùn. "Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, mà."

"Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. N kò sọ fún ẹ̀rọ."

"Ará Fáránsé tó wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́? Òun rí gbogbo rẹ̀."

"Ìyẹn?" Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn wo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó kọ ohun tó rí, ó bá tiẹ̀ lọ. Ojú ò tì mí rárá. Mo fún un ní tíì, kò mu ún. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Ṣùgbọ́n ìwọ, Láníhùn, bí bàbá rẹ bá béèrè pé ta lo bá ní Táḿpẹ́rẹ̀, kí lo máa wí? Pé o bá ọmọ Moróhùndíyà tó ń fi aṣọ mẹ́rin sùn, tó ń se ọ̀dùnkún láàárọ̀, tó ń sè é lálẹ́? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọmọ mi."

"Kò yá jù ú lọ, mà," ni Ìbídùn wí. Kò mọ̀ pé òun lè fèsì báyẹn fún àgbà. "Lọ́dún tó kọjá, ènìyàn mẹ́ta ni òtútù pa ládùúgbò yìí. Òkè ìlà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà."

Lámèyítọ́ jáde láti yàrá, ojú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé.

"Ìwọ̀n parí. Ohun mẹ́ta ló wọ́n. Ilé kẹtàdínlógún ti kúrò lábẹ́ ìlà. Olùwọ̀n, ẹ fi àtàǹpàkò yín tẹ̀ ẹ́. Mo fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Mo yege?" ni màmá béèrè.

"Ẹ yege, mà."

"Ooru wọn ńkọ́?"

"Wọ́n á gé e, mà."

Màmá mi orí, ó rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rí orúkọ rẹ nínú ìwé ni mo ti mọ̀. Aṣọ òtútù wà. Ọlọ́run náà wà."

Ìyẹn ló dun Ìbídùn jù. Ó ti rò pé àṣìṣe ni, pé màmá kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Obìnrin náà ti wo òtútù ọdún mẹ́ta, ó ti wo ojú ọmọ ará ìlú rẹ̀ fún wákàtí kan, ó sì ti mú èyí tó wù ú. Kò sì sí ohun tí Ìbídùn lè kọ sínú fọ́ọ̀mù tí kò ní ba tibí tàbí tọ̀hún jẹ́. Bó bá tẹ àtàǹpàkò, òtútù. Bó bá ní àyálò ni, òtútù ọdún mẹ́fà. Bó bá fi ipá mú màmá sọ̀rọ̀, kò sí ipá náà. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà tó ń ka ìṣẹ́jú. Ó ro báàjì títí láé. Ó ro yàrá rẹ̀ kékeré ní Lísíbọ̀n, àti bàbá rẹ̀ tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ fún Yúróòpù lódindi.

Ará Fáránsé yẹn rí gbogbo rẹ̀, ojú kò sì ti màmá.

Ó dìde, ó lọ fọwọ́ ní síńkì. Ó padà wá, ó jókòó sórí àga Ráúnì, ó sì ṣí ọmọrí kúrò lórí àwo.

"Olùwọ̀n," ni Lámèyítọ́ wí, "mo rán yín létí òfin kẹsàn-án."

"Mo gbọ́."

"Ṣé oúnjẹ ilé lẹ fẹ́ fi ẹnu kàn?"

"Òun ni."

Ó gbé ẹran, ó gé e jẹ. Ẹran ìgbẹ́ ilẹ̀ Fínláńdì ni, ó le, ṣùgbọ́n màmá ti sè é pẹ́, ata rẹ̀ sì ta á lẹ́nu. Iná pupa tàn.

"Ìwọ̀n ilé kẹtàdínlógún di òfo. Olùwọ̀n láti orílẹ̀-èdè mìíràn á tún un wọ̀n kí oṣù tó parí. Ìbídùn Láníhùn, ẹ bọ́ báàjì yín, kí ẹ fi lé mi lórí."

Ó bọ́ ọ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, torí ọbẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fi lé e lórí. Ẹ̀rọ náà yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ láìdúró dè é. Nígbà tó ti ṣẹ̀ tán, Ìbídùn mú ẹran kejì. Kò kúkú sí ìjìyà mìíràn fún ẹran kejì.

Màmá ti wo ẹ̀rọ náà títí tó fi jáde. Ó wo àyà Ìbídùn, níbi tí báàjì wà tẹ́lẹ̀.

"Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Tìtorí ẹran?"

"Tìtorí ẹran, mà. Ó dùn."

Màmá jókòó. Ó ní, "Ta ni wọ́n ní ó ń bọ̀?"

"Bí ìwọ̀n bá di òfo, àwọn Dẹ́nmáàkì ni wọ́n máa ń rán. N kò mọ orúkọ rẹ̀, mà. Òun náà kò ní mọ tiyín."

"Ará Dẹ́nmáàkì." Màmá sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó dìde, ó lọ sínú yàrá, ó kó aṣọ nínípọn méjì bọ̀. Ó da ìkan bo èjìká Ìbídùn, ó da èkejì bo tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àga, ó yọ wáyà ẹ̀rọ amúlégbóná kúrò lára ògiri.

"Máa jẹun lọ," ó wí. "Jẹ́ kí n dá nǹkan onínǹkan padà fún un. Èmi ò ní irú ẹ̀."